Obì Wọ Ọkọ̀, Olóbì Fẹsẹ̀ Rìn

Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ni Alàájì Mọ́ṣúdù dìde nínú ìpàdé ẹgbẹ́ àwa olóbì Mákùn, ní Ṣàgámù, tó ní ẹni tí kò bá ka ìwé mẹ́fà yanjú kò lè ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́. Kò dárúkọ mi. Kò sídìí tí yóò fi dárúkọ mi, torí èmi nìkan ni mo nawọ́ sí ipò náà lọ́jọ́ yẹn. Kíláàsì kẹrin ni mo wà nígbà tí tíṣà kan nà mí fún ẹ̀ṣẹ̀ tí n kò ṣẹ̀. Mo gbé sílétì mi, mo gba ilé lọ, n kò sì padà síbẹ̀ mọ́. Bàbá mi bẹ̀ mí. Tíṣà fúnra rẹ̀ wá sílé wá bẹ̀ mí. Mo ní rárá. Mo ti pé ọmọ ọdún méjìdínlọ́gọ́ta, mo ṣì lè sọ àwọ̀ ẹ̀wù tí tíṣà náà wọ̀ lọ́jọ́ náà fún yín.

Mọ́ṣúdù ni alága wa. Ó fi ọdún mẹ́rin jù mí lọ, nítorí náà bí a bá pàdé lójú ọ̀nà Òfin, mo máa ń tẹrí ba fún un kí n tó kọjá. Ṣùgbọ́n bí a bá ti dé ìpàdé, ọ̀rọ̀ di òmíràn. Kò sí àbá tí yóò mú wá tí n kò ní dìde sí. Àwọn kan ní mo máa ń fi àkókò ẹgbẹ́ ṣòfò. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí wọ́n ti gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀, bí wọ́n bá tún gba ẹnu rẹ̀, kí ló kù fún un?

Lọ́dún yìí, nígbà tó kù díẹ̀ kí ọdún parí, a jókòó láti pinnu ibi tí ẹgbẹ́ yóò ti ṣe fàájì. Mọ́ṣúdù ní kí a tún gba gbọ̀ngàn kan ní Ìkẹ́nnẹ́ bí ìṣe wa, kí a jẹun, kí a pín abọ́ oníke tí wọ́n tẹ orúkọ ẹgbẹ́ sí, kí oníkálukú máa lọ sílé. Mo dìde. Mo ní ogójì ọdún ni mo ti ń di obì sínú agbọ̀n, ọ̀nà òkè Ọya nìkan ni obì wa ń gbà, ọ̀nà òkè Ọya nìkan ni àwa náà sì mọ̀. Mo ní ilé-iṣẹ́ kan wà ní Ẹ̀pẹ́ tó ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé ènìyàn kọjá ọ̀sà, gba inú odò kan tí wọ́n gbẹ́ láàrin igbó, títí dé etí òkun, tí ẹnì kan á sì máa ṣàlàyé ohun gbogbo fún wọn lọ́nà. Ìlọ àti àbọ̀, ọjọ́ kan péré. Mo ní a ti dàgbà tó láti fojú rí òkun.

Mọ́ṣúdù tẹ̀ sẹ́yìn lórí àga. "Yúnúsà, ìwọ ni yóò mú wa dé òkun? Ìwọ tí o kò lè dé kíláàsì karùn-ún?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo jẹ́ kí wọ́n rín in tán.

"Alága, ẹ̀yin tí ẹ dé kíláàsì kẹfà, òkun mélòó lẹ ti dé?"

Ẹ̀rín kejì yìí ju ti àkọ́kọ́ lọ. Kareemat, tí ìsọ̀ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, pàtẹ́wọ́ títí gèlè orí rẹ̀ fi tú. Ojú Mọ́ṣúdù pọ́n. Ó gbá tábìlì, ó ní, "Ó dára. A ó lọ. Bí gbogbo ẹsẹ̀ ọmọ ẹgbẹ́ tó bá wọ ọkọ̀ náà bá kan omi òkun, Yúnúsà yóò sọ ohun tó bá wù ú níbẹ̀, èmi fúnra mi yóò sì gbọ́ ọ dópin. Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá ṣẹ́kù, kí Yúnúsà má la ẹnu mọ́ nípàdé yìí láéláé. Ṣé ẹ gbọ́?"

Wọ́n ní àwọn gbọ́. Èmi náà ní mo gbọ́. Mọ́ṣúdù wá fi òfin kan kún un: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé ọjà dání, fàájì la fẹ́ lọ ṣe. Gbogbo wa ní, "Ó dára bẹ́ẹ̀."

Ọjọ́ Sátidé, aago mẹ́fà àárọ̀, bọ́ọ̀sì gbéra ní Mákùn. Àwa mẹ́tàlélógún ni. Ẹni tó dàgbà jù nínú wa ni Ìyá Moríyọ̀, tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, tó sì ti ń ṣa obì kí wọ́n tó bí mi. Inú bọ́ọ̀sì ń rùn fún obì tútù, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni nínú wa kò kà á sí. Aṣọ wa ń rùn fún un, orí wa ń rùn fún un, bí àwa olóbì bá jọ wà níbì kan, bí ibẹ̀ ṣe máa ń rùn nìyẹn.

Ní èbúté Ẹ̀pẹ́, ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ti ń dúró dè wá pẹ̀lú gbohùngbohùn lọ́wọ́. Ó kúnlẹ̀ kí wa, ó ní Tiwalọpẹ́ lorúkọ òun, òun ni yóò máa fi ọ̀nà hàn wá. Ó fún oníkálukú ní jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ọsàn tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì. Awakọ̀, ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Jùwọ́n, dúró sí ìdí ẹ́ńjìnnì, ó ń wo bí a ṣe ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí a jókòó tán, ó bẹ̀rẹ̀ wo ibi tí omi dé lára ọkọ̀. Ó mi orí.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wúwo o."

Kareemat dá a lóhùn. "Ẹran ara ni, ọmọ ìyá mi, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Tan ẹ́ńjìnnì ẹ."

A kọjá ọ̀sà. Omi tẹ́ bí ẹní, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ wa lójú, àwọn apẹja ń juwọ́ sí wa láti inú ọkọ̀ ọlọ́pọ́n wọn. Lẹ́yìn náà ni a yà sínú odò gbígbẹ́ náà. Ó tọ́ gbọọrọ bí ọ̀nà ọkọ̀, igi ọ̀gọ̀rọ̀ dúró lápá ọ̀tún, ó dúró lápá òsì, omi inú rẹ̀ dúdú bí aró. Ẹyẹ kan tí àyà rẹ̀ pọ́n já ṣòòròṣò bọ́ sómi, ó gbé ẹja jáde, gbogbo ọkọ̀ hó yèè.

Tiwalọpẹ́ gbé gbohùngbohùn sẹ́nu. "Ẹ̀yin àgbà mi, odò yìí kì í ṣe odò àtọ̀runwá. Wọ́n gbẹ́ ẹ ni, kí ọkọ̀ lè máa gba ibẹ̀ dé ẹ̀bá òkun."

"Lèsí gbẹ́ ẹ?" Ìyá Moríyọ̀ bèèrè. Ohùn Rẹ́mọ ló ń sọ, kì í yí i padà fún ẹnikẹ́ni.

"Ìjọba ni, Ìyá."

"Ìjọba yìí náà? Kí wọ́n wá gbẹ́ gọ́tà iwájú ilé mi."

A ṣì ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ nígbà tí ọkọ̀ mì jìgì, tó sì dúró. Ẹ́ńjìnnì ké, ẹrẹ̀ dúdú sì tú jáde lẹ́yìn wa. Jùwọ́n pa á kíá. Ó ki ọ̀pá ìtukọ̀ bọ omi, ọ̀pá náà kò lọ jìnnà kó tó kan ilẹ̀. Ó ti ọkọ̀ síwájú, ó kọ̀. Ó tì í sẹ́yìn, ó sún díẹ̀.

Tiwalọpẹ́ wo aago ọwọ́ rẹ̀. Aago méjìlá ku ogún ìṣẹ́jú. Ó gbé gbohùngbohùn sílẹ̀, ó fi ẹnu lásán bá wa sọ̀rọ̀.

"Ẹ má bínú o. Omi òkun ti ń fà, omi ibí yìí náà sì ń fà tẹ̀ lé e. Òfin ilé-iṣẹ́ wa ni pé bí aago kan bá lù tí ọkọ̀ kò tíì dé òpin odò yìí, kó yí padà sí Ẹ̀pẹ́. Bí a bá ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ, a lè sun ibí."

Mọ́ṣúdù jókòó níwájú, ó gbé ẹsẹ̀ lé kúlà ńlá kan tó sọ pé ìrẹsì ẹgbẹ́ ló wà nínú rẹ̀. Ó tún fìlà rẹ̀ ṣe. Ó yí ojú sí mi, n kò rí i kí ojú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tó ti Mẹ́kà dé.

"Kí la fẹ́ ṣe sí i? Ẹ jẹ́ ká yí padà. Yúnúsà, ara á tù ọ́. Ẹnu tó ń sinmi kì í gbẹ."

Jùwọ́n kò tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ yìí. Ó ń wo ìsàlẹ̀ àga wa. "Ọgbọ̀n èèyàn ni mo máa ń gbé kọjá ibí ní irú àsìkò yìí. Mẹ́tàlélógún lẹ jẹ́. Kí ló wà nínú ọkọ̀ yìí?"

Gbogbo wa ń wo omi bí ẹni pé ibẹ̀ ni ìdáhùn wà. Kareemat bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin wúyẹ́wúyẹ́ lábẹ́ ẹnu. Mo mọ irú ìṣe yẹn. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn nígbà tí oníbàárà bá dé láti Kánò tó bá já ewé orí agbọ̀n, tó bá kòkòrò nínú obì, tó ní ta ló di èyí.

Ohun tí mo ní láti ṣe dùn mí. Bí mo bá dákẹ́, ọkọ̀ á yí padà, ó parí fún mi. Bí mo bá sọ̀rọ̀, mo fi ara mi lé Mọ́ṣúdù lọ́wọ́. Mo dìde. Mo bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ àga mi, mo fa àpò kan jáde, mo tú ẹnu rẹ̀. Gbàǹja ni, pupa àti funfun, mo fi ewé tútù wé e dáadáa.

"Tèmi rèé," mo ní.

"Hẹ̀n-ẹ́n!" Mọ́ṣúdù fò sókè, ọkọ̀ mì. "Ẹ wò ó! Ẹ wo ẹni tó dá ìrìn àjò lábàá! Arúfin!"

"Mo rú u. Ṣùgbọ́n àpò kan kò lè mú ọkọ̀ yìí jókòó sẹ́rẹ̀. Ogójì ọdún ni mo ti ń di obì. Mo mọ ohun tí imú mi ń gbọ́. Kareemat, àpò ìtẹ́lẹ̀dí tí o jókòó lé yẹn, ṣé tìmùtìmù ni?"

Kareemat wò mí, ó wo Ìyá Moríyọ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. "Bọ̀dá Yúnúsà, Ọlọ́run ló ń wò yín. Wọ́n ní àwọn Mọ̀ọ́làm kan máa ń jókòó létí òkun tí wọ́n ń sun ẹran tà. Hausa wà níbì kan, kí èmi má gbé obì dání? Ṣé orí mi ti yí ni?" Ó fa àpò jáde.

Bí ẹni tú okùn ọrùn ewúrẹ́ ló rí lẹ́yìn ìyẹn. Obì jáde lábẹ́ àga. Ó jáde nínú báàgì tí wọ́n kó aṣọ ìpààrọ̀ sí. Afọláyan, akọ̀wé wa, bọ́ jákẹ́ẹ̀tì ọsàn rẹ̀, obì wà nínú gbogbo àpò ẹ̀wù rẹ̀, ọ̀tún, òsì, àyà. Ìyá Moríyọ̀ pàápàá tú ìró rẹ̀ òkè, ó ní díẹ̀ ni tòun, tòun kì í ṣe ọjà, ẹ̀bùn ni, bí wọ́n bá sì fẹ́ sanwó ẹ̀bùn náà, òun kò ní kọ̀.

Ó wá ku kúlà.

"Ìrẹsì ló wà níbẹ̀," Mọ́ṣúdù wí.

"Alága, ọkùnrin méjì ló gbé ìrẹsì yẹn wọ bọ́ọ̀sì, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ."

Kareemat ti ṣí i. Ìrẹsì wà lókè lóòótọ́, nínú ọ̀rá, ó tó ìka mẹ́rin ní gíga. Lábẹ́ rẹ̀ ni ewé wà. Lábẹ́ ewé, obì ló kún un títí dé ìdí. Bí àwọn aládàkàdekè ṣe máa ń di agbọ̀n gan-an nìyẹn, èyí tó dára lókè, èyí tí kò dára nísàlẹ̀. Ẹ̀rín tó sọ nínú ọkọ̀ yẹn lé àwọn ẹyẹ kúrò lórí igi.

Tiwalọpẹ́ ní kí a kó obì sọ̀kalẹ̀ sí bèbè, kí a lọ, kí a bọ̀ wá gbé e. Ọmọ náà kò mọ ohun tó ń wí. Gbogbo ọkọ̀ kígbe pọ̀. Ká fi obì sínú oòrùn? Lọ́wọ́ ta ni? Kareemat ní kí wọ́n fi òun náà sílẹ̀ tì í, òun ti rí omi tẹ́lẹ̀, omi wà ní ilé òun.

Mọ́ṣúdù gbọ́ ìyẹn, ojú rẹ̀ tún là. Ó tún jókòó. "Ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹ máa lọ, èmi yóò dúró ṣọ́ obì fún gbogbo yín. Alága ni mí, ìyà ẹgbẹ́ ni mo ń jẹ." Ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú kí n lè rí wọn. "Ṣùgbọ́n kí Yúnúsà rántí o. Gbogbo ẹsẹ̀ ni mo wí."

Mo wo ẹsẹ̀ náà. Mo wo bèbè odò. Ipa ẹsẹ̀ àwọn apẹja wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi, ó lọ tààrà síwájú. Mo bi Jùwọ́n pé báwo ni òpin odò ṣe jìnnà tó, ó ní bíi máìlì kan. Mo bi í bóyá ó ní okùn, ó ní èyí tí òun fi ń so ọkọ̀ mọ́ èbúté gùn dáadáa. Mo bi í bóyá ọkọ̀ á dìde bí àwa bá sọ̀kalẹ̀ tí obì kò sọ̀kalẹ̀.

Ó rẹ́rìn-ín. "Á dìde. Ṣùgbọ́n mi ò ní tan ẹ́ńjìnnì o, ẹrẹ̀ á bà á jẹ́. Ẹ ó fà á ni."

Mo yíjú sí àwọn ènìyàn mi. "Nígbà tí a bá ń bá lọ́rì lọ sí òkè Ọya láyé ijọ́un, ta ló ń jókòó dáadáa?"

"Obì ni!" wọ́n ní.

"Àwa ńkọ́?"

"À ń rọ̀ mọ́ ẹ̀yìn!"

"Ṣé èyí wá jẹ́ tuntun? Kí obì jókòó. Kí olóbì fẹsẹ̀ rìn. Ìyá nìkan ni yóò bá obì jókòó."

Wọ́n ti ń bọ́ bàtà kí n tó sọ ọ́ tán. Tiwalọpẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kò sọ irú èyí fún òun rí, àmọ́ kò sọ pé rárá, òun náà ti ká ṣòkòtò sókè. Wọ́n sọ̀kalẹ̀ sínú ẹrẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn obìnrin ń ké, àwọn ọkùnrin ń fà wọ́n gun bèbè. Ọkọ̀ gbéra díẹ̀díẹ̀ lórí omi bí ẹni tó jí lójú oorun.

Mọ́ṣúdù kò dìde.

"Alága," mo ní, "ẹ ò ní sọ̀kalẹ̀?"

"Mo ní mò ń ṣọ́ obì."

"Obì ń lọ sí òkun. Bí ẹ bá fẹ́ dúró síbí, ẹ gbé tiyín sọ̀kalẹ̀, kí ẹ máa ṣọ́ ọ."

Ó di kúlà mú létí méjèèjì. Ó gbé e. Kúlà kò mira. Ó wo yíká, kò sí ẹni tó wá ràn án lọ́wọ́, àwọn ọkùnrin méjì tó gbé e láàárọ̀ ti di okùn mú. Ó wo obì rẹ̀ pẹ́. Lẹ́yìn náà ló bọ́ bàtà aláwọ rẹ̀, ó kó wọn lé Ìyá Moríyọ̀ lọ́wọ́, ó sì bọ́ sínú ẹrẹ̀ dé orúnkún. Ẹ̀yìn mi gan-an ni ààyè ṣẹ́kù lórí okùn. Mo gbọ́ èémí rẹ̀ lọ́rùn mi ní gbogbo ọ̀nà yẹn, n kò sì tíì gbọ́ orin tó dùn jù ú lọ.

"Ẹ fà á!" mo ké.

"Ó ń bọ̀!" wọ́n dáhùn.

"Ẹ fà á!"

"Ó ń bọ̀!"

Ọkọ̀ tẹ̀ lé wa bí àgbò. Jùwọ́n dúró sí ìdí rẹ̀, ó ń fi ọ̀pá darí rẹ̀ kúrò ní bèbè. Ìyá Moríyọ̀ jókòó sáàárín àpò obì, ó na ẹsẹ̀, ó gba gbohùngbohùn Tiwalọpẹ́, ó ń pe orúkọ ẹni tí kò bá fà dáadáa. "Afọláyan, okùn lo ń fà àbí o ń fi sinmi?" Àwọn ọmọ abúlé kan jáde wá wò wá, wọ́n ní ṣé ẹ́ńjìnnì ló bàjẹ́. Kareemat ní rárá o, àwọn ọlọ́lá ló wà nínú ọkọ̀.

Kí a tó rí òkun la ti gbọ́ ọ. Mo kọ́kọ́ rò pé ọkọ̀ àjàgbé ló ń kọjá níwájú. Odò parí síbi iyanrìn funfun kan, a so ọkọ̀, a fi Jùwọ́n ṣọ́ obì, Tiwalọpẹ́ gbé aago rẹ̀ sókè: aago kan ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ. A gbé Ìyá láàrin wa, a gba abẹ́ igi àgbọn kọjá, a gun òkìtì iyanrìn kan, ó sì wà níbẹ̀.

N kò ní purọ́ fún yín, n kò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́. Kò ní òdìkejì. Gbogbo ohun tí mo ti rí láyé ló ní òdìkejì. Èyí ń dìde, ó ń wó lulẹ̀, ó ń dìde, bí ẹni pé iṣẹ́ tí wọ́n rán an kò tíì parí láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ìyá Moríyọ̀ ló kọ́kọ́ rìn bọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Omi wá, ó yí i lẹ́sẹ̀ ká, ó kígbe bí ọmọge. Àwọn yòókù bá sáré.

Èmi dúró. Mo ń ka ẹsẹ̀. Mo kà á títí ó fi ku méjì láìka tèmi, àwọn méjèèjì sì wà lórí iyanrìn gbígbẹ, wọ́n kún fún ẹrẹ̀.

Mọ́ṣúdù wo omi, ó wò mí. Ìgbì kan tóbi ju àwọn yòókù lọ, ó ti òkèèrè bọ̀. Ó lè sún sẹ́yìn. Mo rí i pé ó rò ó. Ṣùgbọ́n ó ti fa okùn fún máìlì kan, òun náà fẹ́ rí i. Ó ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ pàdé rẹ̀, omi sì kọlù ú dé itan. Ó ké "Alihamudulilai!" Ó ké e tọkàntọkàn, èmi náà sì kó wọ inú omi.

A jẹ ìrẹsì náà, kò tó, kò sì dun ẹnikẹ́ni. Kareemat ti bá àwọn Mọ̀ọ́làm ẹlẹ́ran dúnàá-dúrà kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó gbẹ. Nígbà tí gbogbo wọn padà jókòó sórí iyanrìn, mo dìde.

Mọ́ṣúdù mí kanlẹ̀. "Máa sọ ọ́."

Mo sọ̀rọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ tíṣà, mo sọ àwọ̀ ẹ̀wù rẹ̀. Mo wá sí ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Àwọn kan sùn, mo ní kí wọ́n jí wọn. Nígbà tí mo dé ibi tí mo ń lọ, mo ní, "Mo dá a lábàá pé kí a pa òfin ìwé mẹ́fà rẹ́. Ẹni tó bá lè ṣe iṣẹ́, kó ṣe é."

"Mo kín in lẹ́yìn," Kareemat wí, obì wà lẹ́nu rẹ̀.

Ọwọ́ lọ sókè. Ìyá Moríyọ̀ na méjèèjì.

"Ìyá, ọwọ́ kan ni ènìyàn ń nà," Mọ́ṣúdù wí.

"Èkejì ti ọkọ mi ni. Olóbì ni kó tó kú."

Kódà láìka ti olóògbé, ọwọ́ àwọn tó fara mọ́ ọn jẹ́ mọ́kàndínlógún. Mọ́ṣúdù ní kí akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀. Afọláyan ní òun kò mú ìwé wá, obì ló wà nínú gbogbo àpò òun. Mo ní kò burú. Mo fa páálí omi kan ya, mo yá bírò Tiwalọpẹ́, mo jókòó, mo sì kọ ọ́ fúnra mi, ọjọ́, ibi, àbá, ẹni tó dá a, ẹni tó kín in. Lẹ́tà mi tóbi, ó sì wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò lè kà á. Mo gbé e síwájú Mọ́ṣúdù. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ń wá àṣìṣe. Kò rí i. Ó fọwọ́ sí i.

Ẹ má rò pé mo ti dárí jì í. Ìyẹn ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ ni. Afẹ́fẹ́ òkun dé, ó fẹ́ gba páálí náà lọ́wọ́ mi, mo bá gbé e sílẹ̀ sórí iyanrìn, mo jókòó lé e. Ibẹ̀ ni mo wà, tí mo ń wo omi, títí Tiwalọpẹ́ fi ní ó ti tó ká máa lọ.